Ọjọ́ Tí Ràúdátù Lé Ọkọ̀ Ojú Irin

Bí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu ará Pobè pé àwọn ọmọbìnrin Sakété kò mọ eré í sá, ẹ sọ fún un pé irọ́ funfun báláú ni, kí ẹ sì dúró kí ó fèsì. Kò ní lè fèsì. Ní ọdún kejì tí àwọn Faransé ká àsíá wọn, tí a ta tiwa sókè, ọmọbìnrin Sakété kan fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lé ọkọ̀ ojú irin, ojú gbogbo ayé ló sì ṣe.

Ràúdátù ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ọmọ ilé àwọn oníṣòwò aṣọ tí ilé wọn kọjú sí ọjà. Ọwọ́ ìyá bàbá rẹ̀ ló ń gbé. Àbẹ̀ní ni orúkọ ìyá yìí, ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti là á mọ́ ọn lójú? Ìyá Àgbà ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí oníṣòwò tó fi ọ̀rọ̀ oníbàárà àkọ́kọ́ ṣeré. Bí ẹni tó kọ́kọ́ yà sí ìsọ̀ láàárọ̀ bá rà, ọjà ti ṣí nìyẹn, ara tu olúwarẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Ìyá Àgbà ti kọjá bó ṣe yẹ. Ó ní ẹni tó bá jókòó láti ṣí ọjà kò gbọdọ̀ gbé ìdí kúrò lórí àpótí títí oníbàárà àkọ́kọ́ yóò fi sanwó, nítorí bí ó bá dìde, ajé á bá a dìde lọ. Ìmáàmù pàápàá bá a sọ ọ́ títí. Ìyá Àgbà ní kí ìmáàmù ra aṣọ kan kí òun lè dìde wá gbọ́ wáàsí náà dáadáa.

Ràúdátù ló wá kó sí i. Láti kékeré ni Ìyá Àgbà ti ṣàkíyèsí pé bí ọmọ yìí bá ti jókòó níwájú ìsọ̀, oníbàárà a máa wọ́ tọ̀ ọ́ wá. Ó parí! Ìdí ọmọ di ìdí ajé. Láàárọ̀, Ràúdátù á jókòó ṣí ọjà. Tó bá dé kilásì, á jókòó. Tó bá ti ilé-ìwé dé, ó di orí àpótí. Lálẹ́, á jókòó sídìí fìtílà máa ka ìwé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa kú tipiri, á máa fi ọwọ́ gbé e bí ẹni gbé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Kò bínú sí i nígbà náà, torí kò mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà.

Mùsíé Alphonse ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Olùkọ́ ni, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Àjàṣẹ́ tí ara rẹ̀ kì í gbé ibi kan. Lọ́jọ́ kan, ó kó gbogbo kilásì jáde sí pápá, ó ní kí wọ́n sáré dé ìdí igi àràbà tó wà lókèèrè, kí wọ́n sì padà. Háà, ẹ wo ẹ̀sín! Àwọn ọmọ àárín ìlú tí bàtà wọn ń dán ló kọ́kọ́ ṣubú lulẹ̀. Àwọn ọmọ Ita-Djèbou, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn wá sí ilé-ìwé lójoojúmọ́, lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n ní ṣé ó tán. Ràúdátù kò tilẹ̀ dé ìdí igi. Ààrin ọ̀nà ló jókòó sí, àyà rẹ̀ ń jó bí ẹni gbé ata mì. Ọmọ Ita-Djèbou kan tí ń jẹ́ Claudine bá a níbẹ̀, ó dúró lé e lórí.

Claudine ní, "Ràúdá, ṣé o ń ṣí ọjà níbí náà ni?"

Gbogbo kilásì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn ta Ràúdátù bí agbọ́n. Kò bá Claudine jà o. Nígbà tí ilé-ìwé jáde lọ́sàn-án, ó tẹ̀ lé e ni, ó ní òun fẹ́ sìn ín sọ́nà. Ó sìn ín dé ibi tí ọ̀nà Ita-Djèbou ti wọ oko ọ̀pẹ, ó wá sáré padà sílé kí Ìyá Àgbà tó jí lójú oorun ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ara ló ń ro ó, ó ń gun àtẹ̀gùn bí arúgbó. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan yí padà. Ó di pé bí ó bá ti ń sáré bọ̀ lábẹ́ àwọn ọ̀pẹ yẹn, tí atẹ́gùn ń wọ inú ìbòrí rẹ̀, ẹ̀rín á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, òun nìkan, láàárín igbó. Inú rẹ̀ ń dùn ni! Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹsẹ̀ lè fún èèyàn nírú ayọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́, ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Pobè ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ ṣe eré ìje fún àwọn ọmọbìnrin, ilé-ìwé mẹ́ta, tiwọn, tiwa àti ti Issaba, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, kí ẹnì kan máa fi ọ̀pá lé ẹnì kejì lọ́wọ́. Ọjọ́bọ̀ tí kò sí ilé-ìwé ni yóò jẹ́. Mùsíé Alphonse mú Claudine. Ó mú Hortense, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ẹni tí ìrìn àìwọ bàtà ti mọ́ lára láti ilé àdúrà. Ó mú Rébecca, ọmọ alágbẹ̀dẹ. Lẹ́yìn náà ló wo Ràúdátù.

Ó ní, "Ìwọ ni yóò gba ọ̀pá kẹ́yìn. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹnì kan kò bá wá, àwọn tó kù á jókòó wòran ni."

Ràúdátù kò lè sùn fún ayọ̀. Ó wá ku Ìyá Àgbà.

Nígbà tí ó sọ ọ́ fún un, Ìyá Àgbà ń ká aṣọ. Kò dáwọ́ dúró.

"Eré sísá? Lọ sí Pobè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà. Ọkọ̀ ojú irin la máa wọ̀."

"Ràúdá, jókòó." Ràúdátù jókòó. "Kí ojú irin tó dé Pobè, orí mi ni ọkọ̀. Ṣé o gbọ́? Mo kéré sí ọ tí mo ti ń ru ẹrù láti Sakété yìí dé Pobè, nínú òjò, nínú oòrùn. Àwọn tó ni ẹrù á ní ká yára, a ó yára. Ẹsẹ̀ mi wú títí n kò rí bàtà wọ̀. Mo ní bí Ọlọ́run bá fún mi lọ́mọ, ọmọ mi yóò jókòó. Ọmọ ọmọ mi yóò jókòó sí ibòji, àwọn èèyàn ni yóò máa rìn wá bá a. Ìwọ wá fẹ́ lọ fi ẹsẹ̀ wá ohun tí mo fi ẹsẹ̀ sá kúrò nídìí rẹ̀? Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé dúró, kò lè rí i."

Omi lé ròrò lójú Ràúdátù. Ó ní, "Ìyá Àgbà, ẹni tí wọ́n ń lé ni ẹ̀yin. Èmi, kò sẹ́ni tó ń lé mi. Ó kàn ń dùn mọ́ mi ni."

Ìyá Àgbà wò ó lọ, wò ó bọ̀. Ó jọ pé kò tíì sẹ́ni tó sọ irú rẹ̀ fún un rí. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó dáa. Ní Ọjọ́bọ̀, wàá jókòó ṣí ọjà. Bí oníbàárà àkọ́kọ́ bá rà kí ọkọ̀ tó dé, máa lọ. Bí kò bá rà, o kò gbọdọ̀ dìde."

Ràúdátù fò sókè. Oníbàárà mélòó ni kì í yà sísọ̀ wọn kí oòrùn tó mú? Ó rò pé ó ti bọ́ sí i.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ojúmọ́ kò tíì mọ́ tán tí ó ti wà lórí àpótí, ó wọ aṣọ eré sábẹ́ ìró. Ẹ wá gbọ́ o, gbogbo Sakété ló ń kọjá! Baba ń kọjá, ìyá ń kọjá, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń kọjá. "Ẹ kú ọjà o!" ni wọ́n ń kí i, wọn kò sì yà. Ibo ni wọ́n ń lọ? Wọ́n ń lọ sí gáà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí, kí wọ́n lè sin àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ lọ sáré ní Pobè. Ọmọ tí wọ́n ń sáré lọ sìn ló jókòó síwájú wọn yìí, wọn kò sì rà!

"Ẹ wá wo aṣọ o! Aṣọ tuntun dé o!" Ohùn Ràúdátù ti fẹ́ há.

"Tá a bá ti gáà dé, ọmọ mi. Ẹ kú ọjà o!"

Fèrè ọkọ̀ ojú irin dún láti apá ọ̀nà Àjàṣẹ́. Ràúdátù fi ọwọ́ méjèèjì gbá àpótí mú. Kò pẹ́ tí Claudine fi já dé, òógùn bò ó.

"Ràúdá! Wọ́n ti ń wọkọ̀! Mùsíé ń bẹ awakọ̀! Dìde!"

"Wọn ò tíì rà."

"Wọn ò tíì ra kí ni? Dìde, jọ̀ọ́!"

Ràúdátù kò dìde. Ó lè dìde, ta ni yóò dì í mú? Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí, ọmọ tí Ìyá Àgbà tọ́ ni. Ó jókòó gbagidi, omijé ń ṣàn wá sí àgbọ̀n rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ń lu ilẹ̀ gìrìgìrì gìrìgìrì níbi tí ó jókòó sí, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Ìyá Àgbà wà lẹ́yìn rẹ̀ láàárín àwọn ìdì aṣọ. Ó ń wo ẹsẹ̀ yẹn. Ó wò ó títí. Lójijì ó dìde, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ràúdátù, ó jáde síta, ó yí padà, ó wá dúró níwájú ìsọ̀ ara rẹ̀ bí àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá.

Ó ní, "Oníṣòwò, ẹ kú ọjà o."

Ràúdátù la ẹnu sílẹ̀.

"Ṣé wọn kì í dá oníbàárà lóhùn nísọ̀ yìí ni?"

"Ẹ... ẹ káàárọ̀, ìyá. Kí lẹ fẹ́ rà?"

"Gèlè yẹn. Rárá, kì í ṣe ìyẹn, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣé àwọ̀ rẹ̀ kì í jáde?"

"Kì í jáde, ìyá!"

"Tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí n rí i."

"Yéè, mo gbé!" Claudine ká ọwọ́ lérí. "Màmá, ọkọ̀ fẹ́ lọ!"

Ìyá Àgbà kọjú sí i. "Ìwọ, lọ sọ fún ọkọ̀ kó dúró. Èmi ń nájà." Claudine fẹsẹ̀ fẹ.

Ràúdátù pe iye kan. Ìyá Àgbà pe ìdajì rẹ̀. Ọmọ ní kí ó máa mú un lọ bẹ́ẹ̀. Ni Ìyá Àgbà bá bínú! Ó ní ta ló kọ́ ọ ní irú ọjà bẹ́ẹ̀, ṣé bí wọ́n ṣe ń tà nìyẹn, ọjà tí wọn kò ná kì í ṣe ọjà, ajé kò ní kà á sí. Ràúdátù tún fi owó lé e. Ìyá Àgbà tún yọ. Wọ́n ń ná an bí ẹni ń jà, omijé ṣì wà lójú ọmọ, fèrè ọkọ̀ ń dún. Níkẹyìn Ìyá Àgbà tú etí ìró rẹ̀, ó yọ owó, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ọjà ti ṣí. Àmọ́ gbọ́ mi. Bí ẹ bá gba ipò kìíní, o ti di sárésáré, n kò ní dá ọ dúró mọ́. Bí ẹ kò bá gbà á, ọ̀rọ̀ eré ti parí láàárín wa. Ṣé o gbà?"

"Mo gbà, Ìyá Àgbà!"

Ìró rẹ̀ nìkan ló kù lórí àpótí. Ràúdátù ti yí igun mọ́ṣáláṣí.

Ó dé gáà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ ń lọ. Àwọn èèyàn figbe ta, "Ó ti lọ o, ó ti lọ!" Ṣé ẹ rò pé ó dúró? Kò dúró o! Ó la àárín wọn kọjá, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ó ń lọ.

Bàbá arúgbó kan ní, "Ẹnì kan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Kí ló ń lé ọmọ yìí?"

Wọ́n ní, "Kò sí ohun tó ń lé e, bàbá. Òun ló ń lé ọkọ̀ ojú irin."

Ọkọ̀ yẹn kì í yára lórí òkè, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí ó ṣe ń gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, Ràúdátù sì ń sún mọ́ ọn. Orí yọ lójú fèrèsé gbogbo. Àwọn aláta, àwọn alágbàtà, akọ̀wé kan tó wọ kóòtù, gbogbo wọn ń ju ọwọ́. "Má dúró! Ọmọ, má dúró! Ó ku díẹ̀!" Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó irin ẹ̀yìn ọkọ̀. Ni ọkọ̀ bá gun òkè tán, ó dorí kọ ìsàlẹ̀, ó sì já lọ. Igbe wọn ń kéré sí i, ó ń kéré sí i, títí kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ó wá ku òun nìkan, òun àti ọ̀pẹ lọ́tùn-ún lósì. Ìhà ń gún un. Òkúta ti gé e lẹ́sẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ní kí ó jókòó díẹ̀. Ìjókòó! Ọ̀rọ̀ yẹn bí i nínú débi pé ó tún fi kún eré. Ó ṣáà mọ̀ pé iwájú níbẹ̀, ibì kan wà tí ọkọ̀ máa ń dúró kó ẹkùrọ́. Bí àpò ẹkùrọ́ bá pọ̀ lónìí, òun ti yè. Bí kò bá pọ̀, ó parí.

Ó yọ sí kọ́nà, ó rí èéfín, èéfín náà sì dúró sójú kan.

Àpò ẹkùrọ́ kò pọ̀ rárá. Wọ́n ti kó o tán, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n orí ẹyọ kan yẹn ni Claudine, Hortense àti Rébecca jókòó lé, wọ́n so ọwọ́ mọ́ra, wọ́n ní àwọn kò ní dìde. Alágbàṣe bẹ̀ wọ́n, wọn kò dìde. Awakọ̀ bú wọn, wọn kò dìde. Mùsíé Alphonse ń ṣe bí ẹni ń bá wọn wí, ojú rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà. Ẹ ò rí i pé ìjókòó náà ní ọjọ́ tirẹ̀.

"Ó ti dé! Ó ti dé o!" Wọ́n gbé e sókè, wọ́n jù ú sínú ọkọ̀. Gbogbo èrò ń pàtẹ́wọ́. Ìyá kan bu omi fún un, òmíràn fi etí ìró nu ojú rẹ̀. Awakọ̀ tó ń bú wọn sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó, ó mi orí, ó padà lọ fun fèrè gígùn kan nítorí rẹ̀.

Pápá Pobè kún fọ́fọ́. Hortense ló kọ́kọ́ gbé ọ̀pá fún Sakété, ó sì ṣe dáadáa. Rébecca gbà á, ó kọsẹ̀, ó ṣubú, ó dìde, ṣùgbọ́n Pobè àti Issaba ti lọ. Claudine sá a bí ẹni orí rẹ̀ kò pé, ó dín in kù. Nígbà tí ọ̀pá fi dé ọwọ́ Ràúdátù, ẹ̀yìn ni Sakété ṣì wà. Ẹsẹ̀ tó ti lé ọkọ̀ láàárọ̀ ni yóò tún fi sá èyí. Ó gbéra. Ó kọjá ọmọ Issaba níbi tí wọ́n ti yí igun. Ó wá ku Berthe, ọmọ Pobè, ọmọbìnrin gíga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Ràúdátù ń bá a, ó ń bá a, èjìká wọn kan ara, ariwo gba gbogbo pápá, okùn ìparí ti dé!

Àyà Berthe ló kọ́kọ́ kan okùn.

Ipò kejì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fò mọ́ ọn, Mùsíé Alphonse ń jó, Berthe fúnra rẹ̀ wá dì mọ́ ọn, ó ní kò sẹ́ni tó dẹ́rù ba òun tó bẹ́ẹ̀ rí. Ràúdátù rẹ́rìn-ín fún wọn. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà lọ́sàn-án, ó kọjú sí fèrèsé, ó ń wo àwọn ọ̀pẹ tó ń sáré lọ, ó sì ń sunkún. Ọ̀rọ̀ eré ti parí. Ó ti gbà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní gáà Sakété, ta ló rí? Ìyá Àgbà, tí kì í rìn kọjá mọ́ṣáláṣí, ló dúró sáàárín ọ̀nà. Àwọn èrò tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ti yí i ká, oníkálùkù ń sọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe lé ọkọ̀, akọ̀wé oníkóòtù ń fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Ràúdátù la àárín wọn kọjá, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ipò kelòó?"

"Ìkejì, Ìyá Àgbà."

"Ta ló gba ìkíní?"

"Pobè."

Ìyá Àgbà yọ ṣùtì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò rí bí ó ṣe máa ń rí.

"Ará Pobè rí i. Ará Issaba rí i. Àwọn tó ń kó ẹkùrọ́ rí i. Lágbájá tí n kò mọ̀ rí, òun náà rí i, ó wá ń ròyìn rẹ̀ fún mi. Èmi tí mo wẹ̀ ọ́, tí mo pọ̀n ọ́, eruku rẹ nìkan ni mo rí láàárọ̀." Ó fi ọwọ́ ti àwọn èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ kúrò lọ́nà! Ràúdá, dìde. Sá a kí n wò ó."

"Ìyá Àgbà, ṣebí a ní bí n kò bá gba ìkíní..."

"Ta ló bi ọ́ ní ìyẹn? Mo ní sá a."

"Dé ibo?"

"Títí tí mo bá pè ọ́ pé ó tó."

Ẹsẹ̀ ń dun Ràúdátù, ó ti rẹ̀ ẹ́ dé egungun. Ó gbéra. Ó gba ojú ọ̀nà ńlá Sakété lọ, àwọn èèyàn ń yà fún un. Ó kọjá ilé alágbẹ̀dẹ, ó kọjá mọ́ṣáláṣí, ó kọjá ọjà, ó ń tẹ́tí sílẹ̀ fún ohùn Ìyá Àgbà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ. Ìyá Àgbà ń pariwo orúkọ rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń pe àwọn ará ilé kí wọ́n jáde wá wò ó. Ràúdátù dé ibi tí ọ̀nà Ita-Djèbou ti yà, Ìyá Àgbà kò sì tíì pè é pé ó tó.